Yíyọ Linux kúrò lórí netbook kò pa Windows rẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí wọ́n bá ti fi Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn bíi Windows, sí ẹ̀gbẹ́ Windows lórí netbook (kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré), tí wọ́n sì wá pa ìpín dísíìkì tí Linux wà nínú rẹ̀ rẹ́, Windows ti bá a lọ nìyẹn. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n tan ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ dúdú, “grub rescue” ló hàn níbẹ̀, Windows kò sì yọjú. Wọn a wá ní kí wọ́n fọ gbogbo dísíìkì náà nù. Ó máa ń dùn mí gan-an, nítorí pé àwòrán àti ìwé ọ̀pọ̀ ọdún a máa bá a lọ láìnídìí.

Lórí netbook tó ń lo BIOS, ètò inú ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tan án, báìtì 512 tó wà ní orí dísíìkì gan-an ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà. Báìtì 446 nínú wọn ni ètò kékeré tó ń jí Windows. 64 tó tẹ̀ lé e ni àkọsílẹ̀ àwọn ìpín. 2 tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ àmì ìdánimọ̀. Nígbà tí a fi Linux sí i, GRUB, ètò tó ń jí Linux, gba ipò ètò kékeré yẹn, ṣùgbọ́n ó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ara rẹ̀ pamọ́ sínú ìpín Linux. Bí a bá pa ìpín náà rẹ́, èyí tó wà lórí dísíìkì yóò wá ìyókù rẹ̀ tì. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ilé kò jó. Àwọn fáìlì Windows ṣì wà ní ipò wọn.

Níwọ̀n bí netbook kì í ti í ní ojú ibi tí a ń ki CD sí, ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn láti kó ètò tí a fi ń fi Windows irú ti ẹ̀rọ náà sí kọ̀ǹpútà sórí fílááṣì, kí ẹ sì mú kí BIOS kọ́kọ́ ka fílááṣì náà. Fún Windows 7, ẹ wọ ibi àtúnṣe, kí ẹ tẹ bootrec /fixmbr sínú Command Prompt, ojú ibi tí a ń tẹ àṣẹ sí. Fún XP, ẹ tẹ fixmbr nínú Recovery Console, ibi àtúnṣe tirẹ̀. Bí Windows kò bá tíì dìde, ẹ fi diskpart ti Windows 7, àṣẹ tó ń fi àwọn ìpín dísíìkì hàn, wò ó bóyá ìpín rẹ̀ ní àmì “active”, nítorí pé ètò ti Windows ń wá àmì yìí, GRUB kò sì nílò rẹ̀.

Bọ́tìnnì tí ilé iṣẹ́ ṣe, bíi F9 lórí Asus Eee PC tàbí Alt pẹ̀lú F10 lórí Acer Aspire One, kì í ṣe fún irú àtúnṣe yìí. Ṣe ni ó ń dá ẹ̀rọ padà sí bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí a rà á, ó sì lè nu gbogbo ohun tí ẹ kó sínú C, ìpín tí Windows wà. Ẹ kọ́kọ́ fi Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fílááṣì kó àwọn fáìlì yín jáde kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ibì kan ṣoṣo ni ìgbàgbọ́ yẹn ti jẹ́ òtítọ́: bí ẹ bá gbà fún Linux, lásìkò tí ẹ ń fi í sí i, pé kí ó gba gbogbo dísíìkì. Windows ti lọ nígbà náà, ìpín ìkọ̀kọ̀ tí bọ́tìnnì yẹn ń lò sì ti bá a lọ. Síbẹ̀, bí nọ́ńbà àṣẹ Windows bá ṣì wà lára ìlẹ̀mọ́ tó wà ní abẹ́ ẹ̀rọ, òun náà ni ẹ óò fi Windows irú kan náà padà sí i.