Ta Ló Rin Oko Kèlání Já?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró sí ẹ̀bá ebè àkọ́kọ́, ó sì ti ń ṣe ìdájọ́ gbogbo ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò tíì kàn. Ohun tí ó mú òwe yìí wá sí mi lẹ́nu ni àríyànjiyàn tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù ń ṣe lórí iṣẹ́ Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù Yorùbá, àríyànjiyàn tí ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́, tí ó ti di èébú àti ìwọ̀sí láàárín àwọn ènìyàn tí ó yẹ kí wọ́n jọ máa dunnú sí ohun kan náà.

Mo gbọ́ irú rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tí ó ń ránṣọ nítòsí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba ti súnmọ́ etílé, aṣọ ẹgbẹ́ sì ga lórí tábìlì tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá gbé agbádá rẹ̀ wò ni ó kọ́kọ́ sọ pé, nínú gbogbo fíìmù tí Kèlání ṣe, Àyìnlá, èyí tí ó dá lé ìgbésí ayé olórin àpálà Àyìnlá Ọmọwúrà, nìkan ni ènìyàn lè jókòó wò tán. Bàbá kan tí ó ń retí ṣòkòtò tirẹ̀ dá a lóhùn pé láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti ṣe Ṣaworoidẹ, kò ṣe ohun gidi kankan mọ́. Ó ní Àyìnlá kò sọ ìtàn ayé olórin náà bí ó ti rí, pé ariwo orin lásán ni. Ọ̀rọ̀ ń ta sí ọ̀rọ̀ títí ọmọ náà fi la ẹnu sọ fún ẹni tí ó tó bàbá rẹ̀ bí pé, "Bàbá, ojú yín ti gbó ju fíìmù lọ." Bàbá náà dìde, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, díẹ̀ ni ó sì kù kí wọ́n fa ara wọn láṣọ ya ní ibi tí wọ́n ti wá gba aṣọ.

Nígbà tí a pẹ̀tù sí wọn nínú tán, ẹnì kan bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà bóyá ó ti wo Ti Olúwa Nilẹ̀ rí. Ó ní òun ti rí ibì kan níbẹ̀ lórí fóònù. A bi bàbá náà bóyá ó ti wo Àyìnlá tí ó ń bú. Ó ní ọmọ òun ń wò ó lọ́jọ́ kan, òun sì gbọ́ ọ láti inú yàrá. Àwọn méjèèjì nìyí! Ọ̀kan kò wo èyí tí ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, èkejì fi etí wo èyí tí ó ń dá lẹ́jọ́.

Ìyá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù, tí kò tíì sọ ohunkóhun láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wá bọ́ tépù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dìde, ó na tépù náà láti ìbàdí ọmọ náà dé orúnkún rẹ̀, ó sì fi ìka mú un síbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni ìró olékù máa ń mọ, pẹ̀lú bùbá tí ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò. Ó ní nígbà tí Ó Le Kú jáde ní 1997, kò sí obìnrin tí yóò gbé aṣọ wá tí kò ní béèrè olékù, àti pé owó iṣẹ́ náà wà lára ohun tí òun fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì. Nínú gbogbo ariwo tí àwọn ọkùnrin méjèèjì pa, kò sí ẹni tí ó dárúkọ fíìmù yẹn. Fíìmù tí ó dá ohun tí àwọn ìyá wọn wọ̀ lọ sí òde padà, wọn kò kà á sí.

Ẹ jẹ́ kí a rin inú oko náà díẹ̀, nítorí pé ó fẹ̀. Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní 1993, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò ṣeé tà ni ó dá lé, ilẹ̀ tí ojú kòkòrò mú kí àwọn ìjòyè tà, tí ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń fà láàárín ẹbí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò ní pe ìyẹn ní fíìmù àtijọ́. Ṣaworoidẹ jáde ní 1999, ìyẹn ọdún tí ìjọba ológun kógbá sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Nínú ìlú Jogbo, Lápité kọ̀ láti ṣe ohun tí ọba ń ṣe kí ó tó gorí oyè, ó sì fi agbára jọba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lágáta, ọmọ ogun, fi ìbọn gba ìlú, ó gbé adé idẹ lérí, wọ́n sì lu ìlù tí ó ni ṣaworo lára sí i létí títí orí fífọ́ fi pa á kú. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó nílò kí a ṣàlàyé fún un ẹni tí ìlù náà ń bá wí ní ọdún yẹn. Agogo Èèwọ̀ ní 2002 sì béèrè pé, lẹ́yìn tí àwọn apàṣẹ-wàá ti lọ, ṣé àwọn tí ó kù lè búra pé ọwọ́ àwọn mọ́?

Èyí tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ àwa ará ibí jùlọ ni Màámi, tí ó jáde ní 2011, tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe ìyá nínú rẹ̀. Ìtàn agbábọ́ọ̀lù olókìkí kan ni, tí ìdíje Ife Àgbáyé 2010 ku ọjọ́ díẹ̀, tí ó wá ń rántí ìyá tí ó fi ìṣẹ́ tọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Ọ̀ṣófisan, ọmọ Ẹ̀rúnwọ̀n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú níhìn-ín, ni ó kọ ìwé tí wọ́n gbé e jáde láti inú rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tí ń jà nítorí Kèlání ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó mọ èyí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bínú sí i nítorí àwọn fíìmù tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Èmi náà kò fi Dazzling Mirage ti 2014 sí ẹgbẹ́ Ṣaworoidẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò wọ̀ mí lára bí ti Bàbá Ọ̀pálábà, tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, tí ó máa ń fi òwe sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ láàfin. Ṣùgbọ́n mo wò ó dé òpin kí n tó sọ èyí. Obìnrin tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó wà níbẹ̀, tí ó fẹ́ ní ọkọ, tí ó fẹ́ bímọ, tí ó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ bí gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá sì ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn tí wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Kì í ṣe Kèlání ni a kọ́kọ́ ṣe èyí fún. Ọmọ wa, Hubert Ògúndé ti Ọ̀sọsà, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, àjẹ́ inú fíìmù Ayé ti 1979 ni wọn yóò rántí, wọn yóò sì ní oníṣẹ́ àjẹ́ àti oṣó ni. Wọn kò mọ̀ pé ọkùnrin kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, tí ó sì fara da ìyà náà. Àwọn kan ń gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ọ̀sọsà kọjá lójoojúmọ́ tí wọn kò yà wọlé rí.

N kò tíì sọ èyí tí ó bí mi nínú jùlọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn Àyìnlá, tí ó lè bá ènìyàn jà nítorí rẹ̀, ní ọ̀rẹ́ òun ni ó fi ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù. Bàbá tí ó fẹ́ràn Ṣaworoidẹ ní inú àwo kan tí wọ́n kó oríṣiríṣi fíìmù pọ̀ sí ni òun ti rà á ní gáréèjì, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí ó jèrè ọjà. Yorùbá ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. A máa ń bú àwọn tí ń da fíìmù oní-fíìmù kọ, a máa ń pè wọ́n ní olè, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wa ni wọ́n ń kó epo náà lé. Kèlání fúnra rẹ̀ ti ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Olùdarí fíìmù tí ó ń dá ṣe tirẹ̀, tí ó dá ilé-iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, owó tí òǹwòran bá san lórí ti àná ni ó yẹ kí ó fi ṣe ti ọ̀la. Kí wọ́n tó lè ṣe Àyìnlá ní 2021, ó di dandan kí wọ́n wá aṣọ ìgbà náà, kí wọ́n wá ọkọ̀ ìgbà náà, kí wọ́n kó àwọn tí ó mọ àpálà lù jọ, nítorí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà ní Abẹ́òkúta, kò sì sí ohun tí a lò nígbà náà tí ó rọrùn láti rí mọ́. Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin, o wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀, o sì tún bú àgbàlagbà lé e lórí. Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ ní kò ṣe irú Ṣaworoidẹ mọ́. Ta ni ẹ fẹ́ kí ó san owó àwọn onílù tí yóò lu òmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí ó jí i ni ẹ kówó ti àkọ́kọ́ lé?