Ìkórìíra Kọ́ Ló Lé Ẹ̀wà Wa Kúrò ní Yúróòpù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ọjà Bódìjà, alájàpá kan tún sọ ọ́ létí mi: "Àwọn òyìnbó ò fẹ́ ká lówó ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní ẹ̀wà wa ò gbọdọ̀ wọ̀lú wọn." Gbogbo àwọn tó jókòó ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ṣebí àwọn kan náà ló ń ra kòkó wa lọ́dọọdún?

Dichlorvos ni wọ́n bá nínú ẹ̀wà náà, oògùn inú òtapíápíá tí à ń fọ́n pa ẹ̀fọn. Nínú kílò ẹ̀wà kan, òfin wọn ò gbà ju 0.01 mílígíráàmù lọ. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó lọ dé 4.6. Ẹ ṣírò ẹ̀: ìlọ́po 460! Láti 2013 ni ìkìlọ̀ ti ń gorí ìkìlọ̀, kó tó di June 2015 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní 2014, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pawó pọ̀ ra àpò ẹ̀wà olóyin mẹ́wàá, a dì í sí ọ̀rá kéékèèké, ó dùn ún wò. Èsì àyẹ̀wò dé, wọ́n ní àwọn máa dà á nù. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Kò tiẹ̀ fi pa mọ́: ó ṣí ẹnu àpò kan lójú mi, ó da oògùn sí i bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, nítorí kòkòrò. Èèyàn rere ni. Ẹ̀wà yẹn náà là ń sè fún àwọn ọmọ wa nílé, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ àpò tí wọ́n ń pè ní PICS wà, ọ̀rá méjì nínú, àpò lẹ́yìn. Tá a bá so ẹnu rẹ̀ le dáadáa, afẹ́fẹ́ tí kòkòrò ń mí á tán, wọ́n á kú láìsí oògùn. Oṣù méje ni ẹ̀wà mi lò nínú ẹ̀, kòkòrò ò jẹ ẹ́.

Mo gbà pé owó àyẹ̀wò wọ́n oníṣòwò kékeré lára, àti pé ẹni tí kò fọ́n nǹkan kan bá wọn jìyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nirú wọn? Mo bi alájàpá Bódìjà yẹn bóyá òun náà ń fọ́n oògùn sí tirẹ̀.

Ó ní, "Ta ni kì í fọ́n ọn?"