Ẹ Yéé Fi Iná Bátìrì Sára Wáyà Súwíìṣì Sítíárìn!

Ó tó gẹ́ẹ́! Wáyà kan ṣoṣo, tí kò nípọn tó okùn bàtà, ló ń sọ ọkọ̀ tó pé di aláàbọ̀ ara. Ọkọ̀ á wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú iná check engine lásán, sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, á kọ P0551 tàbí P0552, ìyẹn àmì pé wáyà tàbí súwíìṣì sítíárìn ní ìṣòro. Nígbà tó bá máa jáde, fíùsì ń jó, wọ́n ti ra pọ́ǹpù tí kò yẹ ní rírà, wọ́n sì ti ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti kú. Ta ló pa á? Ẹni tí wọ́n ní kó tọ́jú rẹ̀ ni.

Súwíìṣì tí à ń sọ yìí wà lára pọ́ǹpù sítíárìn, tàbí lára páìpù tí òróró ń gbà jáde níbẹ̀ tagbáratagbára. Bí a bá yí sítíárìn dópin, pọ́ǹpù á wúwo lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Súwíìṣì á ta brain box lólobó pé kó gbé eré ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ kó má baà kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun kọ́ ló ń yí táyà! Tí sítíárìn bá le, òróró, bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí súwíìṣì wọn jẹ́ oníwáyà kan, brain box fúnra rẹ̀ ló ń rán iná wá, 5 volt tàbí 12 volt, àmọ́ resistor tó wà nínú rẹ̀ ti dín agbára iná náà kù gidigidi. Bí òróró bá ti ń ti súwíìṣì, á so wáyà náà mọ́ bọ́dì, volt á bọ́ sí 0, brain box á gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bí mi nínú nìyí. Rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, á mú tẹ́sítà onígílóòbù, á fi kan wáyà náà, gílóòbù ò ní tàn. Kò lè tàn! Iná tó wà níbẹ̀ ò tó tan gílóòbù. Òun á ní wáyà ti kú, á gé e, á fa òmíràn láti ibi iná kọ́kọ́rọ́ wá síbẹ̀. 12 volt tí nǹkan kan ò dí lọ́nà wá dúró sẹ́nu súwíìṣì. Ẹni tó ni ọkọ̀ yí sítíárìn láti wọ géètì ilé rẹ̀, súwíìṣì so mọ́ bọ́dì bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀tì gidi, fíùsì jó. Wọ́n ní pọ́ǹpù ni. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Tí wọn ò bá tiẹ̀ gé wáyà àtijọ́, tí wọ́n kàn lẹ tuntun mọ́ ọn, 12 volt yẹn á gba ẹ̀yìn wọ brain box tó ń retí 5.

Fíùsì 10 aláwọ̀ pupa jó, wọ́n fi 30 aláwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀. Fíùsì ò jó mọ́ lóòótọ́. Wáyà ló kù tí yóò jó, torí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò lè gbé 30 amp. Àwọn kan tilẹ̀ ń bó irun wáyà, wọ́n á wé e mọ́ ẹsẹ̀ fíùsì tó ti jó. Inú ọkọ̀ yẹn ni ọmọ ọlọ́mọ ń jókòó sí o!

Mítà ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu súwíìṣì. Mítà sí DC 20, okùn dúdú sí nẹ́gátíìfù bátìrì, pupa sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá kà nǹkan bíi 5 tàbí 12, wáyà ò kan bọ́dì, kò sì já. Tó bá kà 0, ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tú nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mítà á ka inú rẹ̀ mọ́ ọn, á tàn yín jẹ. Mítà sí ohm 200, okùn kan sí wáyà, ìkejì sí bọ́dì. Bó bá kà 1 tàbí 2 ohm, ó ń kan bọ́dì. Bó bá kọ OL, ìyẹn ni pé iná ò rí ọ̀nà gbà, ẹ wọn ọ́n láti ẹnu súwíìṣì dé ẹnu brain box. OL níbẹ̀ náà, ó já nìyẹn.

Èyí tó ń kan bọ́dì, ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìdí súwíìṣì. Ẹ yẹ ẹ̀yìn irin tó gbé pọ́ǹpù dúró wò, àti ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín tó ń gbóná, àti ibi tí kílíìpù ti ṣẹ́. Ibi tó bó lè má ju orí èékánná lọ: bàbà á máa dán, irin tó ń fara kàn á ní ojú dúdú kékeré. Ẹ máa mi wáyà bí ẹ ṣe ń wo mítà.

Súwíìṣì fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ dá sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box àti bátìrì padà, ẹ fi ti súwíìṣì sílẹ̀ ní yíyọ. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, táyà nà tààrà, mítà sí ohm, ẹ wọn ẹnu rẹ̀ sí bọ́dì: OL. Ẹ yí sítíárìn dópin, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sítòsí 0. Ẹ má mú un dání níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, pọ́ǹpù á gbóná. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí tiwọn jẹ́ òdìkejì, ẹ wo ìwé ọkọ̀. Tí òróró bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, súwíìṣì ti ń jò látinú. Súwíìṣì ni kí ẹ rà, kì í ṣe pọ́ǹpù. Tó bá sì jẹ́ oníwáyà mẹ́ta, sensor tó ń wọn agbára òróró ni, ó ní wáyà 5 volt tirẹ̀. Tí wáyà 5 volt yẹn bá kan bọ́dì, ó lè pa àwọn sensor mìíràn tó ń pín nínú rẹ̀, ọkọ̀ á kọ̀ láti sáré, wọ́n á sì máa tú ẹ́ńjìnnì kiri lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kan wáyà yín, ẹ ní kó fi nọ́ńbà tí mítà rẹ̀ kà hàn yín. Tí kò bá ní mítà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.