Ilé etí òkun ní Eastbourne ni, àbí Ìjẹ̀bú-Òde?

Bàbá Kẹ́hìndé: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Aláre. Mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ sì ní kí n ra ilé yàrá méjì sí Eastbourne, létí òkun gúúsù Íńgílándì. A lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àtàwọn tó wá ṣe fàájì ni. Afárá onírin kan wọ inú òkun lọ, láti 1870 ló ti wà. Iná jó apá kan rẹ̀ ní 2014. Òkè funfun Beachy Head ga tó mítà 162. Ó rẹwà! Àmọ́ bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fúláàsì tíì, ó ní láti ọjọ́ Àìkú òun ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ la wà yẹn. Ṣé kí n rà á, àbí kí n padà wálé?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù: Ẹ má rà á, ẹ̀gbọ́n. Òtútù á pa yín.

Àkànní Òkè-Ẹ̀rí: Ṣé yanrìn ibẹ̀ dáa?

Bàbá Kẹ́hìndé: Kò sí yanrìn, òkúta róbótó-róbótó ni. Ẹyẹ òkun tiẹ̀ já ẹja díndín gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Déjì Aláwàdà: Àṣá òyìnbó! Ẹ mú un wálé ká fi se ìkọ́kọrẹ́ 😂

Ìyá Ìbejì Ṣágámù: Ta ló ń fi ẹyẹ se ìkọ́kọrẹ́? Ewùrà àti ẹja ni.

Àkànní Òkè-Ẹ̀rí: Òkun tí kò ní yanrìn! Ẹ̀pẹ́ tiwa wà nílẹ̀ níbí, ọ̀sà lọ salalu, ẹja tútù.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: "Tiwa" kẹ̀? Èkó ni Ẹ̀pẹ́ láti 1967.

Àkànní Òkè-Ẹ̀rí: Ìjọba ló fa ìlà ní 1967. Ṣé ìlà ló bí yín ni?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ náà wà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ ọba Èkó kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló wá. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló bí tèmi.

Àkànní Òkè-Ẹ̀rí: Ilẹ̀ ta ló bá? Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú!

Ọmọ Rẹ́mọ Gidi: Bó bá jẹ́ ti ọ̀sà, Ìkòròdú ńkọ́? Ọmọ ọba Rẹ́mọ ló tẹ̀ ẹ́ dó.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Ta ló pe Rẹ́mọ sí i?

Bọ́sẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ro ti ilé ìwòsàn o. Bàbá mi fẹ̀yìn tì wálé. Lóru ọjọ́ kan mí ò já geere mọ́, ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ gbé wọn dé ò ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ọwọ́ mi ni wọ́n gbé orí lé nínú mọ́tò títí a fi dé ìkejì. Orí ló yọ wọ́n.

Déjì Aláwàdà: Mọ́tò wo lẹ gbé?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù: Ọjọ́ kẹta Iléyá, kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, máa jó lọ sí ọdún Ojúde Ọba, kí ẹ̀yin máa wo òkúta? ÒTÚTÙ Á PA YÍN. Ẹ WÁLÉ.

Àkànní Òkè-Ẹ̀rí: Ẹlẹ́ja, o ò tíì dáhùn. Ilẹ̀ ta ni?

Bàbá Kẹ́hìndé: Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ dá ẹni tó ń talé lóhùn.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́: Ẹ fún wa láyè díẹ̀, bàbá. Àkànní, bó bá jẹ́ tiyín, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń rajà lọ́wọ́ wa?