Ẹ Bá Mi Pín In, Mi Ò Tíì Kà Á

Ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ orí ayélujára máa ń pe ara wọn jọ. Olórí wọn á ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbé ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ yìí wá, kí gbogbo wa jọ kà á." Kó tó pa ẹnu dé, lìǹkì ti kún ilẹ̀. Ẹnì kan kọ nípa owó oṣù obìnrin tí kò tó ti ọkùnrin. Ẹlòmíì kọ nípa ọlọ́pàá tó ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú. Ẹnì kẹta kọ nípa bí kò ṣe sẹ́ni tó ka ohun tí òun kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí oníkálukú bá ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀ tán, ó di pé kí wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọjà tí gbogbo ayé wá tajà, tí ẹnì kankan kò mú owó ìrajà dání. Àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí ẹnì kan tó kọ ọ́ pé, "Iṣẹ́ takuntakun! Gbogbo yín lẹ gbìyànjú!" Ẹni náà kò tẹ ẹyọ lìǹkì kan.

Ẹ má pè mí lọ́tàá obìnrin. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń ya fọ́tò gbólóhùn òkè yìí láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri. Mo bẹ̀ ẹ́, kó ya èyí náà mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ obìnrin kì í ṣe àwàdà, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tí kò lágbára kì í sì í ṣe ohun ẹ̀rín. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣoge ni mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Arábìnrin Pín-in-Kíá bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Kó tó bọ́jú láàárọ̀, ó ti dẹ́bi fún ìjọba mẹ́ta, ó ti dúró gbágbáágbá ti orílẹ̀-èdè méjì tí kò lè tọ́ka sí lórí máàpù, ó sì ti pín àpilẹ̀kọ mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé àkọlé wọn nìkan ló kà. Bi í léèrè pé kí ló wà nínú ìkẹrin. Á ní, "Háà, ó lágbára gan-an ni, ó yẹ kí gbogbo èèyàn kà á." Gbogbo èèyàn, àfi òun.

Kò dá wà o. Ní 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà àti ilé ìwádìí Inria nílẹ̀ Faransé yẹ àwọn lìǹkì ìròyìn tí wọ́n ń pín lórí Twitter wò, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún, 59 ni kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí. Nígbà tó di 2020, ọ̀rọ̀ náà sú Twitter fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó fẹ́ pín ohun tí wọn kò ṣí pé ṣé wọn ò ní kọ́kọ́ kà á ná ni. Ẹ wo ìwọ̀sí! Ìbéèrè tí tíṣà ń bi ọmọ ọdún méje, òun ni ẹ̀rọ ń bi àgbàlagbà. Pín-in-Kíá wò ó títí, ó ní ìnilára gbáà ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló kọ àpilẹ̀kọ nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń ni obìnrin lára. Wọ́n pín in gan-an.

Ọjọ́ ńlá mìíràn láyé rẹ̀ ni ọjọ́ 2, oṣù kẹfà, ọdún 2020. Ọlọ́pàá ti fi orúnkún pa George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní Minneapolis ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún. Obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì tó ń ṣiṣẹ́ nídìí òwò orin, Jamila Thomas àti Brianna Agyemang, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ orin dáwọ́ dúró fún ọjọ́ kan, kí wọ́n ro ti owó tí wọ́n ń rí lára aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ni. Ó dé Instagram, ó di àwòrán onígun mẹ́rin dúdú, ó lé ní mílíọ̀nù 20. Wọ́n wá fi hashtag Black Lives Matter sí i nídìí, àmì tó ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí aláwọ̀ dúdú jọ síbì kan. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó wà lójú títì ti ń wá ibi tí ìwọ́de gbà, ibi tí ọlọ́pàá fara pamọ́ sí, àti bí wọ́n ṣe lè gba béèlì ẹni tí wọ́n mú. Wọ́n ṣí i, òkùnkùn. Wọ́n fà á wálẹ̀, òkùnkùn. Àwọn tó ń ṣètò ìwọ́de figbe ta, wọ́n ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n yọ hashtag náà kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ríran. Pín-in-Kíá kò gbọ́. Ó ń wò ó bóyá dúdú tirẹ̀ dú tó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá wá jẹ́ iṣẹ́ gidi ńkọ́, orúkọ ta là ń pín mọ́ ọn? Láti 2006 ni Tarana Burke ti ń lo Me Too, ìyẹn "Èmi náà", láti fi bá àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún 11 ló fi ń ṣe é láìlu agogo. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2017, òṣèré Alyssa Milano gbé e sórí Twitter. Láàárín wákàtí 24, Facebook ní èèyàn mílíọ̀nù 4.7 ló ti dá sí i lọ́dọ̀ tiwọn nìkan. Kí n má purọ́ mọ́ Milano: kò pẹ́ tó fi gbọ́ nípa Burke, ó sì dárúkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Lópin ọdún, ìwé ìròyìn TIME fi àwọn tó la ẹnu sọ̀rọ̀ ṣe ẹni ọdún. Burke wà nínú ìwé, àwòrán rẹ̀ kò sí níwájú ìwé. Inú bí Pín-in-Kíá. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ìrẹ́jẹ ni, pé kí wọ́n yéé gbàgbé ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀, ó sì wá àwòrán kan tó rẹwà fi sí i. Àwòrán Milano ni.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti intersectionality, ìyẹn bí ìyà jíjẹ́ obìnrin àti ìyà àwọ̀ ṣe ń pàdé lára ẹnì kan. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Kimberlé Crenshaw, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, ló gbé e jáde ní 1989, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oòjọ́ ló sì fi là á yé wa. Obìnrin dúdú márùn-ún pe General Motors, àwọn tó ń ṣe mọ́tò, lẹ́jọ́. Ilé iṣẹ́ náà kì í gba obìnrin dúdú kó tó di 1964. Nígbà tí nǹkan wá le, ẹni tó dé kẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró, ẹ̀yin náà sì mọ ẹni tó dé kẹ́yìn. Adájọ́ ní ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin, nítorí náà kò rẹ́ obìnrin jẹ. Obìnrin funfun ni wọ́n ń gbà o, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan adájọ́. Ó ní tó bá jẹ́ ti àwọ̀ ni, kí wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ ẹjọ́ àwọn dúdú yòókù. Pé kí wọ́n da méjèèjì pọ̀ sọ́nà kan, kò jẹ́ gbà. Báyìí ni àwọn márùn-ún ṣe bọ́ sáàárín ilẹ̀kùn méjì.

Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́ ọ yé. Owó oúnjẹ ni wọ́n ń jà sí. Ẹ wá wo ohun tí Pín-in-Kíá fi ń ṣe: lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lò ó lẹ́ẹ̀mẹfà nínú àpilẹ̀kọ gígùn kan nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò pè é síbi ọjọ́ ìbí.

Àwọn ọkùnrin kò gbẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Mo-Dúró-Tì-Yín ni aṣáájú wọn. Bí wọ́n bá ti ní ó kan àwọn obìnrin láti sọ̀rọ̀, òun ni yóò dìde láti sọ pé ó tó àkókò kí ọkùnrin dákẹ́, á sì fi ogójì ìṣẹ́jú sọ ọ́. Omijé rẹ̀ kì í jìnnà, ẹ ṣáà gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Ní 2015, ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Saara Särmä, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwòrán àwọn ìpàdé tó jẹ́ ọkùnrin nìkan ló jókòó síwájú jọ. Á lẹ òṣèré David Hasselhoff mọ́ ọn, tó na àtàǹpàkò sókè, bí ẹni ń kí wọn kú oríire. Mo-Dúró-Tì-Yín rí i, ó rẹ́rìn-ín títí, ó pín in fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun ló jókòó láàárín nínú àwòrán kejìlá.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ni gbogbo àwọn wọ̀nyí níwájú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Àwọn yẹn ló mọ oge í ṣe. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, ọdún 2017, tí Ọjọ́ Àwọn Obìnrin Lágbàáyé ku ọ̀la, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú owó, State Street Global Advisors, gbé ère ọmọbìnrin kékeré kan kalẹ̀ ní New York. Idẹ ni. Ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó kọjú sí màlúù onídẹ ńlá tó wà lágbègbè Wall Street. Ayé tú jáde lọ ya fọ́tò. Àwọn bàbá gbé ọmọbìnrin wọn wá kí wọ́n fọwọ́ sí ìbàdí bákan náà. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ló pín in. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, State Street gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà yẹ ìwé wọn wò, wọ́n ní owó àwọn obìnrin tó wà nípò gíga níbẹ̀ kò tó ti ọkùnrin, ti aláwọ̀ dúdú náà kò sì tó ti funfun. Obìnrin 305 àti dúdú 15 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n kàn san án ni. Nínú gbogbo obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ọmọ onídẹ yẹn nìkan ni kò béèrè owó oṣù.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwọn méjì kan wà tí mo fẹ́ dárúkọ níbí, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní dárúkọ wọn: Francesca Lawson àti Ali Fensome, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ibẹ̀ ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 250 sókè máa sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin lọ́dọọdún. Wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́, níbi tí ojú kò dé. Àwọn méjì yìí ṣe ẹ̀rọ kan sórí Twitter. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2022, bí ilé iṣẹ́ kan bá ti kọ ọ́ pé àwọn ń yẹ́ àwọn obìnrin akíkanjú àwọn sí, ẹ̀rọ náà á fèsì, á kọ iye tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ fún ìjọba. Kò bú wọn, kò wàásù, kò lo intersectionality. Gbólóhùn kan péré, pẹ̀lú iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí owó obìnrin fi rẹlẹ̀. Òógùn bo wọn. Àwọn mìíràn sáré lọ pa ìkíni wọn rẹ́. Ẹ ò rí i pé bí èèyàn bá kàwé tán kó tó pín in, ó léwu.

Mo fẹ́ ṣe wọ́n ní òdodo kan ṣá. Ohun kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ Pín-in-Kíá máa ń kà láti òkè dé ilẹ̀, tí wọ́n á tún padà kà: ìwé àforíjì. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ kì í pẹ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tó dáa sùn lọ́jọ́ Ẹtì lè jí lọ́jọ́ Sátidé kó bá a pé ó ti di ẹ̀ṣẹ̀. Wọn kì í pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á hú ohun tó kọ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n á nà án sójú oòrùn. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹlẹ́ṣẹ̀ á ti kọ ìwé: mo ti gbọ́ yín, mo ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó ti ara mi ná. Ẹni tí kò lè ka ojú ewé kan nípa owó oṣù á ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, á ka iye "ṣùgbọ́n" tó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi rèé fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí gidi: ẹ fi "Ẹ Dárí Jì Mí" ṣe àkọlé rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan sọ ìtàn Iceland fún Pín-in-Kíá. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹwàá, ọdún 1975, nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ilẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́: wọn ò lọ sí ọ́fíìsì, wọn ò dáná, wọn ò tọ́jú ọmọ. Àwọn bàbá ń gbé ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 200,000, bí 25,000 obìnrin ló péjọ sí Reykjavik. Lọ́dún kejì, ilé aṣòfin ṣe òfin ìdọ́gba. Ní 1980, wọ́n dìbò yan obìnrin, Vigdís Finnbogadóttir, sípò ààrẹ.

Inú Pín-in-Kíá dùn dé ẹ̀yìn. Ó ya àwòrán aláwọ̀ osùn fún un, ó fi òdòdó yí i ká, ó fi fọ́tò ara rẹ̀ sígun. Níbi tó ti ń wá òdòdó, òdo kan já: 9 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ. Èèyàn 6,000 ló ti pín in. Àwọn kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iye náà wọ àwọn lákínyẹmí ara.