Ẹ dán ọmọ wò ní èdè tó gbọ́ kí ẹ tó pè é ní olódo

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ ní àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta ò mọ̀wé kà, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi dán wọn wò. Ọmọ aládìrẹ kan wà ládùúgbò wa n'Ítòkú, ketekete ló ń ka Bíbélì Yorùbá fún ìyá rẹ̀ àgbà, síbẹ̀ òdo ni wọ́n fún un nínú ìwé kíkà. Ó dùn mí gan-an ni! Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ífẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí olùkọ́ gbọ́ ìwé kíkà ọmọ ní èdè méjèèjì, kó sì jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó kà, kó tó fún un ní máàkì.