Láílọ́ọ̀nù yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí báàgì yín bó

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde dé, ọmọ àbúrò mi sì ń wá ibi tó máa gbé báàgì tuntun rẹ̀ sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin fi igbe ta: “Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní dì í sí láílọ́ọ̀nù kó má baà bó ni?” Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá ń mi orí. Mo mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n kúkú bẹ̀rẹ̀. Láílọ́ọ̀nù kì í gba báàgì lọ́wọ́ bíbó. Òun ló sábà ń jẹ́ kó tètè bó, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ọ.

Ní 2019, mo ra báàgì méjì lọ́wọ́ ìyá kan ní Balógun, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa bí osùn. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Dúdú ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Òjò pa á, gààrí dà sínú rẹ̀, ilẹ̀ dánfó ni mo ń gbé e sí. Pupa ni mo ní òde ni màá máa gbé e lọ. Mo dì í sínú ọ̀rá méjì, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin, mo gbé e sí òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Kòrónà dé, kò sí òde mọ́. Ọdún kẹta ni mo tó tú u, níjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ó ń dán nígbà tí mo gbé e jáde o! Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé tábìlì wa, èépá pupa ti kún orí léèsì funfun mi. Mo fọwọ́ gbọ̀n ọ́n, ó di àbàwọ́n. Ìborùn ni mo fi bo itan títí a fi lọ sílé. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò ra á nílé, gbogbo ojú rẹ̀ ṣí kúrò, ó ku aṣọ funfun lábẹ́. Dúdú tó jẹ gbogbo ìyà yẹn ńkọ́? Ìdìmú rẹ̀ àti igun ìdí rẹ̀ nìkan ló ha.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní lẹ́dà kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ ni, tí wọ́n fi irú ike kan tó ń jẹ́ polyurethane kùn lójú. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti lu ihò sí okùn rẹ̀: bí ẹ bá rí òwú tàbí aṣọ lábẹ́ ojú tó ń dán, kì í ṣe awọ ẹran nìyẹn. Otto Bayer, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì ló ṣe polyurethane yìí jáde ní 1937, omi sì ni ọ̀tá rẹ̀. Mi ò sọ omi òjò tí ẹ máa nù kúrò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni, tó ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, tó ń já ohun tó so ó pọ̀. Bó ṣe ń já ni ásíìdì ń jáde níbẹ̀, ásíìdì yẹn á sì tún jẹ́ kí ìyókù tètè já. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè é ní hydrolysis. Afẹ́fẹ́ Èkó láàárọ̀ ìgbà òjò, ọ̀rinrin rẹ̀ máa ń ju 80 nínú 100 lọ. Irú afẹ́fẹ́ yẹn lẹ ń so mọ́ inú ọ̀rá. Ọ̀rinrin há síbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde.

Bẹ́ ẹ bá ń jiyàn, bàtà yín á jẹ́rìí. Bàtà tó ti wà nínú páálí láti ọdún márùn-ún, tí ẹ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi irú ike yẹn ṣe, rún bí àkàrà àná lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló lò ó gbó?

Wọ́n á ní ọ̀rá ni ẹni tó ń tà á fi wé e. Ó fẹ́ tà á ni, kì í ṣe pé ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ kan náà ló fi àpò kékeré oníhóró yẹn sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ “má jẹ ẹ́” sí lára, kó lè máa fa ọ̀rinrin mu. Ìyẹn lẹ kọ́kọ́ ń jù nù, ọ̀rá lẹ wá ń tọ́jú!

Awọ gidi náà kò fẹ́ kí a dì í sínú ọ̀rá, hùkàsì ni yóò hù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Vaseline pa lẹ́dà, ike kì í mu òróró bíi ti awọ gidi. Eruku lẹ ń pè.

Ó dáa, mo gbà: bí ẹ bá tú u sílẹ̀ náà, lẹ́dà yẹn á bó lọ́jọ́ kan, àtilé iṣẹ́ ni ikú rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Bóyá ọ̀rá ò sì ní ṣe nǹkan kan níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ.

Tèmi báyìí, aṣọ tí mo rẹ sómi tí mo sì fún dáadáa ni mo fi ń nù ún, ibòji ni mo ń sá a sí. Mo máa ń ki àkísà àǹkárá sínú rẹ̀ kó má baà wó, mo sì ń gbé e sínú àpò ìrọ̀rí. Àpótí ìrìnàjò mi, mi ò kì í fa síìpù rẹ̀ dé òpin. Mo sì ń gbé wọn jáde lóṣooṣù, kódà bó jẹ́ ọjà ni mò ń lọ.

Ọmọ àbúrò mi ti fi ìrọ̀rí tirẹ̀ sílẹ̀ láìláṣọ. Ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, ẹran òde ni mo dì sí i.